Plọ́ọ̀gì Tútù

“Wò ó dáadáa. Kí lo rí?”

Màmá na plọ́ọ̀gì náà sí iwájú mi, mo sì na ọrùn. Ẹnu rẹ̀ ti funfun bí eérú, irin tíńtín tó wà níbẹ̀ sì ti yọ́. Mo ní ó funfun. Màmá rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé mo ṣe ipò kìíní ní kíláàsì.

Ìyá ìyá mi ni Màmá, plọ́ọ̀gì mọ́tò ló sì ń tà ní Owódé Onírin, nínú ṣọ́ọ̀bù páànù kan tí kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, ní àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì, tí wọ́n ń pariwo sí i bíi pé adití ló wà lódìkejì. Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, láti Ìkòsì ni a ó ti jọ jáde láàárọ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi bírọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ plọ́ọ̀gì àlòkù. Mo fẹ́ràn òórùn yẹn títí dòní, ẹ má bi mí ní ìdí.

Bọ̀dá kan tí bàbá rẹ̀ kú tó fi mọ́tò sílẹ̀ fún un ló mú plọ́ọ̀gì funfun yẹn wá. Mọ́tò pupa ni, ilẹ̀kùn méjì, tọ́bò tó ń fún un lágbára wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀, eré sísá ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n tó bá ti sáré díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà-gbà-gbà, á húkọ́, á kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bọ̀dá yìí ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, àwọn tó wọ́n jù ló sì ń rà. Agara ti dá a. Ó ti bá ọkùnrin kan tó ń gé mọ́tò fún irin sọ̀rọ̀, ìyẹn sì ti gbé gáàsì tó fi ń gé irin dúró ti mọ́tò náà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa.

“Mummy, ó ti sú mi,” bọ̀dá náà wí. “Tí tiyín náà ò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n gé e. Àmọ́ mọ́tò Daddy mi ni o.” Ohùn rẹ̀ yí padà níbẹ̀.

Màmá yí plọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́. “Àwọn tó ń tà fún ẹ ò wo ẹ́ńjìnnì ẹ rárá. Ooru ni plọ́ọ̀gì yìí ń gbà mọ́ra, ìyẹn ló ṣe funfun. Ẹ́ńjìnnì tó ń sáré tó báyìí, tútù ló fẹ́.” Ó ka tuntun mẹ́rin sórí kántà, ó kọjú sí mi. “Bá mi tọ́jú àwọn tútù yìí, kí n lọ wo inú ẹ́ńjìnnì.”

Mo fọwọ́ kàn wọ́n. Wọn ò tutù rárá, oòrùn ti pa wọ́n. Obìnrin tó ń ta píọ̀ wọ́tà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pẹ̀lú kúlà yìnyín rẹ̀. Mo rì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìsàlẹ̀ omi yìnyín náà, mo jókòó tì wọ́n bíi sọ́jà.

Nígbà tí Màmá padà dé, mo sáré yọ wọ́n, omi ń kán lára wọn. “Màmá, wọ́n ti tutù gan-an báyìí o!”

Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa bú sẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Ọkùnrin onígáàsì ní, “Ọ̀gá, ó parí nìyẹn. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.” Omi lé sí mi lójú. Mo rò pé èmi ni mo pa mọ́tò náà.

Màmá ò rẹ́rìn-ín, kò sì jágbe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa fi ṣe déédéé.

“Kí lo gbọ́ lẹ́nu mi?”

“Ẹ ní tútù ló fẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni mo wí lóòótọ́.” Ó gbójú sókè sí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. “Èmi ni mi ò ṣàlàyé. Ẹ̀bi mi ni.” Ó tún kọjú sí mi. “Má bínú, ọmọ mi. Plọ́ọ̀gì tó máa ń tètè lé ooru kúrò lára là ń pè ní tútù. Kò kan yìnyín.”

Ó fi etí ìró rẹ̀ nù wọ́n, ó tò wọ́n sórí páànù tí oòrùn ti mú, ó ní kí onígáàsì ní sùúrù. Nígbà tí wọ́n gbẹ, ó fi irin pẹlẹbẹ kan wọn àlàfo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹkáníìkì sì dè wọ́n. Bọ̀dá náà ṣíná. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wà á jáde sí ọ̀nà Ìkòròdú, gbogbo wa ń fetí sílẹ̀. Ariwo rẹ̀ ń ròkè sí i, ó ń jìnnà sí i, kò kàn, kò húkọ́.

Ó fọn fèrè dé, omi lójú, ẹ̀rín lẹ́nu. Onígáàsì gbé ẹrù rẹ̀, ó ń kùn. Bọ̀dá náà ní dandan ni kí èmi àti Màmá wọlé, ó sì gbé wa dé Mile 12. Màmá di ilẹ̀kùn mú, ó ń ké “Rọra o!”, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Inú mi dùn dé ibi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Olùkọ́ ni mí ní Kétu báyìí. Nígbà míì, ọmọ kan á ṣe ohun tí mi ò rán an, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo máa ń bi í ní ohun tó gbọ́. Bó bá jẹ́ pé èmi ni mi ò sọ ọ́ yé e, mo máa ń ní kó má bínú, níṣojú gbogbo kíláàsì. Kò rọrùn fún mi o, mo ní agídí. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí Màmá, mi ò gbọ́ kí àgbàlagbà kankan bẹ ọmọdé ní gbangba títí mo fi dàgbà. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí lè sọ pé àwọn ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.