Reino Ń Kí Ẹ

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ Lempi Karvonen ní ìlú wa, ẹ má lọ bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó sí, kí orin ìkẹyìn sì tó parí, ó ti dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n dáadáa ni abẹ́ gbọ̀ngàn àwọn awakùsà, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí yìnyín bá ti ga dé ojú fèrèsé, tí kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe níta ju kó máa gbọ̀n lọ. Obìnrin kúkúrú ni, ṣùgbọ́n tó bá ti dé yàrá ìyìnbọn tó wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ a di ti sájẹ́ǹtì. Tó bá ní kí ẹ gbé ìbọn sílẹ̀, ẹ ó gbé e sílẹ̀, ì báà jẹ́ gómìnà ni yín.

Reino, ọkọ rẹ̀, ló kọ́ yàrá náà. Wẹ́dà ni níbi ìwakùsà, ènìyàn jẹ́jẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan bá ti tó. Ní ìgbà òtútù, àwọn ọkùnrin tí kò lè ráyè wọ igbó lọ yìnbọn a máa jókòó sílé, wọn a máa yọ ìyàwó lẹ́nu, títí àwọn ìyàwó fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Bí Reino ṣe wá irin pẹlẹbẹ ńlá kan rí nìyẹn, òun àti Arvid Saarela ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tóóró, wọ́n sì dè é mọ́ ògiri ìsàlẹ̀. Kò jẹ́ kí irin náà dúró ṣánṣán. Ó mú orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń yọjú wo inú kànga, ó sì kó iyanrìn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọta tó bá kọlu irin tó jọ̀lọ̀, tó sì tẹ̀ báyẹn, ńṣe ni yóò yọ̀ wálẹ̀ sínú iyanrìn, kò ní ríbi ta padà sọ́dọ̀ ẹni tó yìn ín. Láyé Reino, kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yìnbọn, á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú irin náà, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Arvid a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó ṣe ń pa irin lára yìí, ṣé ó ń pa Lempi náà bẹ́ẹ̀.

Ayé dùn nígbà náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Lempi a máa yan búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ń pè ní nísù, òórùn rẹ̀ á bo òórùn ẹ̀tù ìbọn mọ́lẹ̀. Kọfí á wà lórí iná láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Bí Kérésì bá ń bọ̀, wọ́n á yìnbọn díje fún itan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan. Doreen Beaudry, tó ń bá wọn wa ọkọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé, gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ayọ̀ ò jẹ́ kó rántí, ó gbé ẹran náà lé orí ọkọ̀, ó sì wakọ̀ lọ. Ajá ìlú wa jẹun lọ́jọ́ náà. Títí dòní, tí Doreen bá ń gbéra ga, ẹnìkan á kàn gbójú sókè wo òrùlé, á sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Reino kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan níbi tó ti ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Lempi rí i láti ojú fèrèsé, ó rò pé ó bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún opó náà. Arvid ló gbé agolo ọ̀dà wá, ó ní kí àwọn kun irin Reino kó lẹ́wà. Ìfẹ́ ló fi ṣe é, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ eérú, ó dán, ó wuyì. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti yìnbọn tán ní Ọjọ́bọ̀, tí àwọn yòókù ń fọ ife, Lempi a mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, a lọ rọra fi ọ̀dà dí gbogbo ibi tí ọta ti ha. Àwọn mìíràn a máa gbin òdòdó sójú oórì ọkọ wọn, Lempi ní tirẹ̀ ń kun irin. Búrọ́ọ̀ṣì onírin wà lórí ìṣó tí Reino fi kọ́ ọ sí, kò sẹ́ni tó ní ọkàn láti mú un.

Ọdún ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan, Arvid yìnbọn, nǹkan kan ta á lọ́rùn ọwọ́ fín-ín bí ìgbà tí eṣinṣin igbó bá géni jẹ. Ó wò ó, èérún òjé ara ọta ni, kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Doreen ló lanu sọ ọ́. Ó ní, "Reino ń kí ẹ."

Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Arvid ṣí fìlà, ó dojú kọ irin, ó ní, "Kú iṣẹ́ o, Reino! Ṣé ìwọ ò mọ̀ọ́ sinmi ni?"

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ẹni tí èérún bá ta, wọ́n á ní Reino kí i, òun ló sì máa bu kọfí fún gbogbo ilé. Ní àkọ́kọ́, ìkíni náà kò wọ́pọ̀, ó lè tó oṣù kan kí Reino tó rántí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yá, kò sí Ọjọ́bọ̀ tí kì í kí ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú Lempi ń dùn sí i. Bí ìkíni ṣe ń pọ̀ sí i ló ń rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé ọkọ òun kò tíì jìnnà. Tí Ọjọ́bọ̀ kan bá lọ láìsí ìkíni, a máa wakọ̀ lọ sílé láìtan rédíò. Ọjọ́ méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan yẹn nìkan ni Lempi ń gbé, ó kàn ń dúró de òpin àwọn yòókù ni.

Ìgbà tí òtútù ń múra àtilọ, wọ́n wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń wà. Doreen ti yìnbọn tirẹ̀ tán, ó jókòó sẹ́yìn lórí àga, ife kọfí wà lọ́wọ́ rẹ̀, awò tí gbogbo wọn máa ń wọ̀ nítorí ojú sì wà lójú rẹ̀. Arvid yìnbọn. Doreen ké, ife bọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró! Ẹ gbé ìbọn sílẹ̀!" Lempi pariwo.

Arvid gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó yíjú padà, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀ nítorí kò tíì rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Reino ń kí..." Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu.

Èérún náà kò kéré bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó gba abẹ́ awò wọlé, ó gé Doreen ní ìsàlẹ̀ ojú, ó ku díẹ̀ bí èékánná ọmọ ọwọ́ kó wọ inú ẹyinjú. Lempi kúnlẹ̀, ó fi aṣọ ìnuwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà.

Doreen bi í léèrè pé, "Ṣé ojú mi ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó wà. Má sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Òun ni mo fi ń ṣọ́ Arvid kó má rẹ́ wa jẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Doreen gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé ti Lempi, wọ́n jọ di aṣọ náà mú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí dókítà ti rán ojú ọgbẹ́ náà, Lempi nìkan padà sísàlẹ̀ gbọ̀ngàn. Ó fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ògiri ha irin náà. Ọ̀dà ń ṣí wá ní ìpele ìpele, ó ki bí èèpo búrẹ́dì. Nígbà tó kan ojú irin gan-an, ó sún mọ́ ọn, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin tó mọ̀ ní jíjọ̀lọ̀ ti dá kòtò-kòtò bí ojú ẹni tí ìgbóná bá jà. Kòtò kọ̀ọ̀kan dà bí ife kékeré, ọta tó bá sì bọ́ sínú irú ife bẹ́ẹ̀ kò ní yọ̀ wálẹ̀ mọ́, ibi tó ti wá ni yóò fọ́nká padà sí. Òun alára, ìyàwó Reino, ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bò wọ́n ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí wọn.

Ó jókòó sórí iyanrìn. Kò sẹ́ni tó ń kí òun láti ọdún wọ̀nyí, irin tó ti gbó ló ń pariwo. Ó sunkún Reino lọ́jọ́ náà ju bó ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú, nítorí lọ́jọ́ ìsìnkú ó ṣì rò pé nǹkan kan kù.

Ohun tó sì mọ̀ ni pé tí irin bá jáde, ó tán nìyẹn. Ẹgbẹ́ kò lágbára irin tuntun. Kò ní sí ìbọn, kò ní sí kọfí, kò ní sí Ọjọ́bọ̀. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpótí ìbọn, ó yí i, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì lọ pe àwọn ẹgbẹ́.

Arvid dé pẹ̀lú ìbínú lójú. "Ìyàwó wa, kí ni wọ́n ń sọ fún mi yìí? O fẹ́ yọ irin Reino?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní yìnbọn níbí mọ́, Arvid."

"Torí pé Doreen fara pa díẹ̀? Èmi náà fara pa! Wo ọwọ́ mi."

Doreen, tí báńdéèjì bo ìdajì ojú rẹ̀, dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ọwọ́ ẹ kọ́ ni ojú mi o. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹ ni, ǹ bá ti gé e dànù tipẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká tún un kùn," Arvid ní. "Ká kùn ún kó nípọn dáadáa."

"Ọ̀dà yẹn náà ló tàn wá jẹ," Lempi ní. "Wá fọwọ́ kàn án."

Arvid kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Èmi àti Reino la gbé irin yìí sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀yìn mi ò tíì bọ̀ sípò dòní. Ìwọ tó fẹ́ ẹ, ìwọ lo wá fẹ́ lé e síta, Lempi?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Lempi wọra, kò sì fi pamọ́.

"Reino ti kú," ó ní. "Èmi ni mi ò gbà, ẹ̀yin náà sì ń bá mi ṣeré. Reino tí mo fẹ́, kì í jẹ́ kí n gun àkàbà tẹ́sẹ̀ ẹ̀ bá ń mì. Ṣé òun ló máa wá sọ òjé mọ́ Doreen lójú? Irin lásán nìyí, Arvid. Ó ti gbó. Ẹ bá mi gbé e jáde."

"Ẹ lọ wá ẹlòmíì tó máa gbé e gòkè!" Arvid ní, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbà-á.

Àwọn yòókù ló fi iná gé irin náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹnìkan bi Lempi bóyá ó fẹ́ mú èyí tó kéré jù lọ sílé, kó fi sínú ọgbà. Ó ní rárá, òun kò lè tọ́jú ohun tó fẹ́ fọ́ ọ̀rẹ́ òun lójú.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, búrẹ́dì ti jáde nínú ààrò kí Lempi tó rántí pé kò síbi tí òun ń gbé e lọ. Ó jókòó tì í nínú ilé ìdáná pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn. Ilé náà dákẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ilé dákẹ́ lọ. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́, ó fi aṣọ wé búrẹ́dì náà, ó sì wakọ̀ lọ sí gbọ̀ngàn, ó ní bóyá òun á kàn fi í sílẹ̀ fún olùtọ́jú ilé.

Iná wà nísàlẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n to àga síbi tí wọ́n máa ń tò ó sí, wọ́n sì kọjú sí ògiri òfìfo. Doreen ń pín ife, àwọn yòókù ń jiyàn lórí ẹja. Arvid wà ní ìpẹ̀kun, ó ká apá mọ́ àyà, ojú rẹ̀ le koko.

"Ta ló pè yín?" Lempi bi wọ́n.

"Ọjọ́bọ̀ ni," Doreen dáhùn, bí ẹni tó ń dá òmùgọ̀ lóhùn.

Arvid kò gbójú sókè. Ó na ẹsẹ̀, ó fi ti àga òfìfo kan jáde.

"Jókòó, ìyàwó wa," ó ní. "O pẹ́."