Igi Tí A Kì Í Gé Bí Dóńgóyárò

Mi ò fẹ́ràn ọyẹ́ rárá. Àwọn kan ń pè é ní àsìkò ìtura, mo sì máa ń bi wọ́n pé ìtura fún ta ni. Ọyẹ́ Accra a máa gbé erùpẹ̀ láti òkè wá, a la èèyàn ní ètè, a gan aṣọ mọ́ orí okùn, a sì bọ́ gbogbo igi àdúgbò sí ìhòòhò. Igi fúrúntù ẹnu ọ̀nà wa ní Kokomlemle ló burú jù. Ewé rẹ̀ á pọ́n, á wá máa já lulẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí mo bá ṣe ń gbá tẹ̀yìn ni tiwájú ń dà. Nígbà tó bá wọ́wé tán, iwájú ilé wa á dà bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Inú á sì máa bí mi.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí inú fi ń bí mi tó bẹ́ẹ̀. Mamobi ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí a háyà, tí onílé ti máa ń wúkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa bí oṣù bá ti ń parí lọ. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ta ọṣẹ títí ó fi darúgbó, ibẹ̀ ló kú sí, Accra náà la sì sin ín sí. Ìgbà tí Gánà gba òmìnira ni èmi àti ọkọ mi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé Gã kan, a sì kọ́ ilé kékeré kan tó ní pálọ̀. Owó aṣọ tí mo ń tà lọ́jà wà nínú ilé náà, owó oṣù rẹ̀ láti ọ́fíìsì rélùwéè náà sì wà níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo lè sọ pé "ilé wa" láìbojú wẹ̀yìn. Mi ò fẹ́ kí irú ilé bẹ́ẹ̀ rẹwà fún ìdajì ọdún, kó wá dà bí ahoro nínú ìdajì tó kù.

Obìnrin òyìnbó kan tó máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi ní Ridge ló là mí lójú. Wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà náà, ọkọ rẹ̀ ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Mo gbé aṣọ lọ bá a nínú ọyẹ́, mo bá dúró lẹ́nu géètì tòun tẹrù lórí. Gbogbo Accra ti gbẹ, àmọ́ iwájú ilé obìnrin yìí tutù yọ̀yọ̀ bí ìgbà òjò. Àwọn igi rẹ̀ ò ní òdòdó kankan, ewé àwọn mìíràn sì rí bí abẹ́rẹ́, síbẹ̀ mi ò lè gbójú kúrò lára wọn. Mo bi í bó ṣe ń ṣe é. Ó ní òun ò ṣe nǹkan kan, pé irú igi bẹ́ẹ̀ kì í wọ́wé, kí n lọ sí ọgbà igi tó wà lórí òkè Aburi.

Èmi àti ọkọ mi la jọ wọ lọ́rì lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: a jọ lọ ni. Ọkùnrin Akuapem kan tó ń bójú tó ọgbà náà ló mú wa kiri. Èmi fẹ́ ra oríṣi kan ṣoṣo, kí n tò wọ́n bí ọmọ iléèwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Maame, igi tí kò ní òdòdó, ìrísí rẹ̀ la fi ń yàn án." Ó ní kí n mú èyí tó ga, kí n mú èyí tó ṣù, kí n mú èyí tó ń fà nílẹ̀, kí àwọ̀ wọn má sì bára mu, torí ojú kan náà la ó máa rí látọdún dé ọdún. Ó tún ní ká ro bí igi ṣe máa fẹ̀ tó tó bá dàgbà, ká má fún un mọ́ ara ògiri, ká má sì gbìn ín síbi tí omi ń dúró sí. Mo yan sípírẹ́sì kan tó ga tó sì tín-ín-rín bí àbẹ́là. Mo yan òmíràn tó ṣù, tí ewé rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ọwọ́ tí a tẹ́, tí orí ewé náà sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Ọkọ mi ló yan kékeré tó ń rá pálá lórí ilẹ̀, tí ewé rẹ̀ dúdú tó sì ń gún ni lọ́wọ́. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí sípírẹ́sì mi: "Igi gogoro má gún mi lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Tèmi yìí ò lè ga débi ojú ẹnì kankan."

A ti ń lọ nígbà tí ọkùnrin náà pè wá padà. Ó ní ká má ṣe gé wọn bí a ṣe ń gé dóńgóyárò o. Ibi tí ewé tútù wà nìkan la ti lè máa rẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀; tí àdá bá ti wọ ibi igi lásán tí kò léwé, kò ní rú mọ́ láé. Ọkọ mi, akọ̀wé tí kì í fẹ́ kí nǹkan ṣì lọ́wọ́, tún un sọ fún un: "Ibi tí ò bá ti léwé, a ò gbọdọ̀ gé e." Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

A gbìn wọ́n. Ìyá Gã tó múlé tì wá yọjú lórí ògiri, ó pè mí ní Alata bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá, ó ní, "Kwɛ, Alata, ṣé ibojì òyìnbó lẹ fẹ́ sọ iwájú ilé yín dà ni?" Mo dá a lóhùn pé tó bá di ibojì, èmi ni wọ́n máa sin síbẹ̀. Ìbínú ni mo fi sọ ọ́, àmọ́ òótọ́ inú mi ni.

Sípírẹ́sì ti ga jù mí lọ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin dé láti Ọ̀fà. Nílé ọkọ, irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ọkọ náà ni. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì fi yàrá mi sílẹ̀ fún un. Kò tíì mu omi tán tó fi bi mí pé, "Ìyàwó, kí ni nǹkan tó wà níta yẹn máa ń so?"

"Kì í so nǹkan jíjẹ, Ìyá."

"Ewé rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ fi ń pọ́n ẹ̀kọ ni?"

"Rárá, Ìyá."

"Ṣé ó ṣeé fi ṣe orín?"

Mo ní kò ṣeé fi ṣe orín. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní, "O wá ń bomi rin ohun tí kò lè bọ́ ẹnì kankan."

Ohun tó bá wá gan-an kò pẹ́ tó fi jáde. Ilẹ̀ baba wọn wà ní Ọ̀fà láìsí ilé lórí rẹ̀, ó fẹ́ kí ọkọ mi ta ti Accra, kó kó ìyàwó rẹ̀, kó wá kọ́lé sílé. "Àjò ò lè dùn kí onílé má relé," ló ń sọ láàárọ̀, òun ló ń sọ lọ́sàn-án. Mo ní, "Ìyá, èmi ò rìnrìn àjò. Ibí ni wọ́n bí mi sí." Ó ní ilé ọkọ ni ilé obìnrin. Mo ní ilé ọkọ mi náà la wà yìí, a jọ kọ́ ọ ni. Ó ní ẹnu mi gùn. Mo ní ẹ̀yin lẹ fà á gùn. Mi ò ní tàn yín, mo kórìíra obìnrin náà. Mo kórìíra bó ṣe ń fi ìka tọ́ ọbẹ̀ mi wò kó tó jẹun. Mo kórìíra bó ṣe máa ń pòṣé nígbàkúùgbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi mi.

Ọkọ mi ńkọ́? "Ẹ ṣe sùúrù" nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ láàárín àwa méjèèjì. Bí mo bá bi í nínú yàrá pé kí ni tiyín nínú ọ̀rọ̀ yìí, á ní "Ɛnyɛ hwee," kò sí nǹkan kan, bí ẹni pé tí a bá ti fi Twi sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà á fúyẹ́. Ọyẹ́ ọdún yẹn wá le ju gbogbo èyí tí mo ti rí lọ. Omi ẹ̀rọ ń ṣe ségesège. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọyẹ́ yìí ló máa pa àwọn igi yẹn, àsọtẹ́lẹ̀ òun nìyẹn. Ọkọ mi bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa. Tí igi bá yè é, a ò ní ta ilé. Tí wọ́n bá kú, a ó relé. Àdéhùn nìyẹn." Ó fi ṣe àwàdà, àmọ́ àwa obìnrin méjèèjì ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó fi ọ̀rọ̀ ilé lé igi lọ́wọ́, irú ọkùnrin wo nìyẹn? Síbẹ̀ mo gbà, torí mo mọ igi mi.

Omi tí mo fi ṣan ìrẹsì, omi tí mo fi fọ ẹsẹ̀, ìdí igi ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Mo kó koríko gbígbẹ bo ìdí wọn kí oòrùn má fa omi náà gbẹ. Mo ń fi àkísà tútù nu erùpẹ̀ kúrò lára wọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ń bi mí pé nígbà wo ni màá pọ̀n wọ́n. Fúrúntù wọ́wé. Dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé funfun fún erùpẹ̀. Àwọn tèmi dúró. Nígbà tí ọyẹ́ lọ tán, ọkọ mi jáde, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ó dáa, a ò ta ilé mọ́." Ohùn rẹ̀ rí bákan, àmọ́ mo ti borí, mi ò ráyè ohùn.

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò jà. Ó ní tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, òun á padà sí Ọ̀fà. Ó tilẹ̀ ń bá mi ṣa ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ mi wà nílé, mo ti ọjà dé, mo sì rí ojú ọ̀run níbi tí kò yẹ kí n ti rí i. Sípírẹ́sì mi ti di kùkùté tí kò ju àyà mi lọ. Èyí tó ṣù kù bí ìgbálẹ̀ tó ti jẹ tán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dúró lórí àga, òógùn bò ó, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ti gé orí dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe kí òjò tó dé, kó lè yọ ewé tuntun. Ó wá ṣe àwọn tèmi mọ́ ọn. "Ìyàwó, wá wò ó! Òjò kan báyìí, wọn á rú, wọn á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí o lè máa fi rántí mi."

Mo pariwo débi pé ìyá Gã sáré yọjú lórí ògiri. Mo pè é ní ọ̀tá ilé, mo pè é ní òṣìkà, mo ní igi tí ọyẹ́ ò rí pa lẹ fi ọwọ́ yín pa. Kò yé e. Ó ń bi mí pé, "Kí ni mo ṣe? Ṣé igi kì í rú ni?" Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ṣe sùúrù. Wọn á rú."

Òjò dé. Dóńgóyárò rú, ó ṣù bo ẹ̀yìnkùlé. Kùkùté tèmi ò yọ ọ̀mùnú kan ṣoṣo. Ìwọ̀nba ewé tó kù lára wọn pọ́n, ó gbẹ, èèpo wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ̀rọ̀ mọ́ ju "ẹ kú" lọ. Ìgbà tí ọjọ́ àtilọ rẹ̀ pé, ọkọ mi ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun ráyè, èmi ni mo gbé ẹrù sìn ín dé ibùdókọ̀, torí aya kì í jẹ́ kí ará ilé ọkọ òun nìkan lọ, ì báà jẹ́ ọ̀tá. Nígbà tó fẹ́ wọ lọ́rì, mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní, "Ó dáa, Ìyá. Ẹ ti rí ohun tí ẹ bá wá ṣe."

Ó sọ ẹrù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ìyàwó, inú rẹ le. Mo fi àwọn ọmọ mi búra, tí mo bá mọ̀ pé igi yẹn kì í rú, mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ta ló sọ fún mi? Àbúrò mi ló bá mi pọ́n àdá. Òun ló di àga mú tí mo fi gùn ún. Mo bi í pé ṣé kí n gé e bíi ti dóńgóyárò, ó ní kí n máa gé e lọ."

Lọ́rì gbéra. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ẹni tó wá láti òde ni mo ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọkọ mi ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ń jẹ kẹ́ńkẹ́ ní pálọ̀. Mo bi í pé, "Kí ni ọkùnrin Aburi sọ fún wa nípa àdá?"

Kò gbójú sókè. Ó bọ́ ewé lára kẹ́ńkẹ́ rẹ̀ títí tí kò fi ku nǹkan tó máa bọ́ mọ́. Ó ní, "Igi ti kú. Àdéhùn ni àdéhùn."

"Tí ẹ bá fẹ́ relé, ẹnu yín dà? Kí ló dé tí ẹ ò fi sọ ọ́?"

"O ò ní gbọ́," ló wí.

Mo fà á lọ́wọ́ jáde síwájú ilé. Lẹ́bàá ògiri, igi tí òun fúnra rẹ̀ yàn ní Aburi ń rá pálá lọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé koríko ni, ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ni. Mo ní, "Ẹ ní tí wọ́n bá kú. Èyí ò tíì kú." Mo lọ mú àdá wá láti ẹ̀yìnkùlé, ẹnu rẹ̀ ṣì mú bó ṣe pọ́n ọn. Mo fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ gé e lójú mi. Tí ẹ bá ti gé e, màá bá yín lọ sí Ọ̀fà láìsọ ọ̀rọ̀ kan."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó di ẹ̀ka kan mú, ewé gún un lọ́wọ́, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìyá Gã ń wò wá láti orí ògiri. Ọkọ mi dìde, ó fi àdá lélẹ̀ lórí kùkùté sípírẹ́sì, ó wọlé, mo sì gbọ́ tó ń wọ́ àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò bá a di ẹrù Ọ̀fà náà.