Ẹja Ní Kí N Kí Yín

Mo fi eyín di kọ́là aṣọ mi mú, mo sì gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kọjá omi tó ti gbé mẹ́rin mì mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nọ́ọ̀sì tó máa ń bá wa gbá bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé eyín ń dùn yín ni."

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni omi gbé mẹ́rin náà, ní pápá tó wà lẹ́yìn ìlú Ugbonla, ilẹ̀ iyanrìn tí àwọn òṣìṣẹ́ epo gbẹ́ ihò mẹ́fà sí, tí àwa yòókù wá bá wọn níbẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ihò karùn-ún, ó gbọ́dọ̀ fo odò kékeré kan. Bí mo bá dá wà, bọ́ọ̀lù mi kì í jábọ́ sínú rẹ̀. Bí èèyàn bá ti ń wò mí, omi ni.

Ẹni mẹ́rin ni yóò ṣojú wa níbi ìdíje Àkúrẹ́, mo sì fẹ́ wà nínú wọn. Alága ìgbìmọ̀ pápá, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti òkè, láti ilẹ̀ gbígbẹ, ní apá mi dára, ọkàn mi ni kì í dúró sójú kan. Iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe; láàárọ̀ tí mò ń wí yẹn, bí mo ṣe gbé ọ̀pá sókè ló ní, "Màdáámù Oníròyìn, ṣé ẹ ti ránṣẹ́ sí ẹja pé bọ́ọ̀lù ń bọ̀?"

Mo dá a lóhùn pé ẹja tiwa kì í gba iṣẹ́ lẹ́nu ará òkè. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbá a. Omi. Ó tún sọ̀rọ̀, mo tún fèsì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ọ̀rọ̀ borí rẹ̀, bọ́ọ̀lù mẹ́rin sì lọ. Ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan, bí kò bá yí padà, ẹlòmíràn ló máa lọ. N ò gbà. Orí omi ni wọ́n bí mi sí. Odò tí kò fẹ̀ tó ọkọ̀ mẹ́ta kọ́ ló máa lé mi padà.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Zion Pepe, abúlé apẹja orí omi, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tó ń ju àwọ̀n. Mo jókòó sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó dìde dúró níwájú. Àwọn apẹja kan ń kọjá lọ. Ọ̀kan pariwo pé, "Bàbá, ṣé àwọ̀n lẹ̀ ń jù ni àbí aṣọ lẹ̀ ń sá?"

Mo ti la ẹnu láti bá àbúrò ìyá mi fèsì. Òun ń múra àtiju àwọ̀n. Kò lè fèsì: etí àwọ̀n wà láàárín eyín rẹ̀, bí gbogbo ẹni tó ń ju àwọ̀n ṣe máa ń ṣe kí àwọ̀n lè ṣí dáadáa. Ẹni tó bá lanu kó tó tó àkókò, àwọ̀n rẹ̀ á já sínú omi bí òkìtì. Tirẹ̀ tẹ́ rẹrẹ sórí omi. Ìgbà tó fà á wọkọ̀ pẹ̀lú ẹja ló tó dá wọn lóhùn pé, "Aṣọ ti gbẹ. Ẹ wá bá mi ká a."

Mo ro ẹjọ́ mi fún un. Ó ní, "Èsì kì í sá lọ, ọmọ mi. Àwọ̀n ni kó kọ́kọ́ lọ."

Bí mo ṣe padà sídìí odò pápá nìyẹn, kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹja. Mo ki kọ́là bọ ẹnu, mo di í mú. Gbogbo èsì tó wá sí mi lọ́kàn dúró sẹ́yìn eyín. Bọ́ọ̀lù fo omi, ó balẹ̀ sórí iyanrìn. Ìgbà náà ni mo tu kọ́là sílẹ̀.

"Tíṣà, ẹja ní kí n kí yín."

Ó fẹjọ́ sùn ìgbìmọ̀ pé kọ́là jíjẹ kò sí nínú òfin. Mo bi akọ̀wé wọn bóyá òfin kan wà tó ní kí ẹni tí wọ́n bú fèsì. Ó ní àwọn máa wá a, wọ́n á jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n á sì lẹ orúkọ ẹni mẹ́rin mọ́ ògiri lọ́jọ́ kejì. Títí dìgbà náà, ó ní, orúkọ mi ṣì wà lára àwọn mẹ́rin náà.