Kámẹ́rà Kejì Tí Mo Fi Gèlè Wé

Ẹ má fi ojú onífọ́tò òde òní wo àwa. Láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí iléèwé ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí gbogbo bàbá tó lọ́mọ ń fẹ́ kí wọ́n ya ọmọ òun pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù, kò sí ẹni tó ń gbéra ga ní Ìjẹ̀bú-Igbó bí onífọ́tò. Nínú gbogbo wa, èmi ni mo burú jù. Òkè-Sópẹ́n ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ṣùgbọ́n mi ò kì í gbélé. Mo máa ń lọ Òrù, mo máa ń lọ Àgọ́-Ìwòyè, tó bá sì di ọjọ́ ọjà, màá gun lọ́rì lọ sí ìhà etí omi, láti Ìbíadé dé Àbígi, títí dé Ìwópin níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti parí, tó di ọkọ̀ ojú omi.

Pákó ni kámẹ́rà mi, ó tó àpótí aṣọ, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi ń dúró. Awọ dúdú kan tó ń ká tó sì ń nà ló so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọ inú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ yàwòrán, màá fa aṣọ dúdú borí, màá pẹ́ níbẹ̀, màá húkọ́ díẹ̀. Ìdajì ohun tí mò ń ṣe lábẹ́ aṣọ yẹn kò wúlò fún nǹkan kan. Kíá ni mo ti máa ń rí ohun tí mo fẹ́ rí. Ìyókù, mo kàn ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Àwọn oníbàárà mi náà ò sàn jù mí lọ. Ọkùnrin kan wà ní Àgọ́-Ìwòyè tó yá aago ọwọ́ méjì, ó de ọ̀kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó de ìkejì mọ́ tòsì, ó wá ká apá agbádá sókè kí méjèèjì lè hàn. Obìnrin kan ní Òrù gbé ìwé ńlá lé itan, ó sì dojú ìwé náà kodò. Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi, ta ló fẹ́ kà á níbẹ̀. Irú àwọn èèyàn báyìí ni mò ń yà, mo sì rò pé èmi gbọ́n jù wọ́n lọ.

Ibẹ̀ la wà tí àwọn ọ̀dọ́ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kámẹ́rà kékeré kiri, èyí tí wọ́n ń fi okùn gbé kọ́ ọrùn. Wọn ò ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọn ò ní aṣọ dúdú. Wọ́n á ní kí o rẹ́rìn-ín. O ò tíì rẹ́rìn-ín tán, wọ́n ti yà ọ́. Inú bí mi gan-an. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ onífọ́tò tí a ṣe ní Òjòwò, alága wa dìde, ó ní ká fi àdúrà jà. Kámẹ́rà alága yìí, ojú rẹ̀ ti sán láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, gbogbo ẹni tó bá yà ló máa ń ní ilà kan níwájú orí. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Èmi ò ní fi àdúrà jà, ẹnu ni màá fi jà.

Ní abúlé kan lẹ́yìn Ìwópin, tó jẹ́ pé ọkọ̀ àjẹ̀ ni wọ́n fi ń débẹ̀, ọmọkùnrin ibẹ̀ kan ra kámẹ́rà kékeré, ó sì ń ya àwọn ará ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì Iléyá, lẹ́yìn tí mo ya àwọn àgbà tán, mo dúró láàárín agboolé, mo ní kí gbogbo wọn tẹ́tí sílẹ̀. Mo ní, "Fọ́tò tí wọn ò bá fi aṣọ borí yà, inú oòrùn ló ti wá, inú oòrùn ló ń padà sí. Ọdún ò ní yí po tí ojú yín á fi parẹ́ lórí bébà."

Irọ́ gbuu ni. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí i. Ṣùgbọ́n ó dùn létí, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kò sẹ́ni tó tún jókòó fún ọmọkùnrin náà mọ́, mo sì gbọ́ pé ó ti padà sídìí àwọ̀n bàbá rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa àwọn èrò inú lọ́rì lẹ́rìn-ín láti Àbígi dé Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí síbí: títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, fọ́tò kan tí ọmọkùnrin yẹn yà wà lára ògiri ilé kan ní Ìwópin, ó mọ́ gaara. Tèmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì.

Ọdún yẹn náà ni kámẹ́rà ńlá dójú tì mí. Ìgbéyàwó àwọn Aládúrà kan ni, ní Àgọ́-Ìwòyè. Ohun tó ń ṣí tó sì ń pa ojú kámẹ́rà dé há láàárọ̀, kò sì ṣí mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣé mo sọ fún wọn? Rárá o. Mo ń wọ abẹ́ aṣọ, mo ń jáde, mo ń sọ fún ìyàwó kó gbé àgbọ̀n sókè, mo ń ya òfìfo. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo ní dígí tí mo fi yà wọ́n ti fọ́ lọ́nà. Nígbà tí mo padà lọ láti tún wọn yà, aṣọ funfun tí ìyàwó yá ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ìró àti bùbá ni ọmọ ọlọ́mọ fi ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé Ìbàdàn láti lọ ra kámẹ́rà kejì, èyí tí màá máa gbé dání bí àkọ́kọ́ bá kọṣẹ́ lọ́nà àjò. Ẹ ò sì ní gbàgbọ́ irú èyí tí mo rà. Kékeré ni, ọlọ́kùn ọrùn, irú èyí tí mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Òun ló fúyẹ́, òun ni omi ò tètè bà jẹ́, fíìmù rẹ̀ sì rọrùn láti fọ̀. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo purọ́ fún ẹni tó tà á fún mi, mo ní àbúrò mi kan ló rán mi. Nígbà tí mo délé, mo fi gèlè ìyàwó mi wé e, mo tì í sísàlẹ̀ báàgì.

Ìyàwó mi rí i. Ó ní, "Bàbá ọmọ mi, bí ẹni tó fẹ́yàwó kejì tí kò lè mú un wá sí ulé lẹ ṣe rí. Ta lẹ ń bẹ̀rù?"

Mo ní kò yé e. Mo ní iṣẹ́ wa ní iyì.

"Iyì," ni ó wí, ó sì ń bá ẹ̀fọ́ tó ń já lọ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ládánì abúlé yẹn ránṣẹ́ sí mi. Ládánì ni ẹni tó máa ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí, bàbá yìí sì ti ń pe ìrun níbẹ̀ kí èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ṣòkòtò. Mẹ́kà ló ń lọ. Kò tíì sí ẹnì kan ní abúlé náà tó dé Mẹ́kà rí. Ọkùnrin tó ń ṣètò ìwé àwọn arìnrìn-àjò yóò fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì dé láti Ẹ̀pẹ́, yóò sùn mọ́jú, yóò sì kó gbogbo ìwé lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé tí kò bá ní fọ́tò lára, kò ní gbà á. Bàbá ní òun ò fẹ́ ẹlòmíràn, èmi ni kí n wá yà á, kí n sì fọ fọ́tò náà níbẹ̀ mọ́jú.

Mo lọ. Nínú ọkọ̀ àjẹ̀, ẹni tó ń tukọ̀ sọ fún mi pé, "Bọ̀dá, ẹ gbé àpótí yín sórí ìjókòó o, omi ń wọlé nísàlẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé, "Ìwọ máa tukọ̀ rẹ, fi ti kámẹ́rà sílẹ̀ fún onífọ́tò."

Nígbà tí a gúnlẹ̀, omi ti mu àpótí dé ìdajì. Àtè tó lẹ awọ náà pọ̀ ti jò dànù, awọ ti ṣí. Tó bá jẹ́ awọ nìkan ni, ǹ bá fi aṣọ wé e. Ṣùgbọ́n omi ti wọ páálí dígí tí mo fẹ́ fi yàwòrán, oògùn tó wà lójú dígí ti wú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tó gbẹ lára ẹrù mi ni báàgì ọwọ́ mi, inú rẹ̀ sì ni gèlè wà.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bàbá jáde, ó wọ funfun, ó fá orí rẹ̀ kodoro, ó jókòó sórí àga níwájú mọ́ṣáláṣí. Gbogbo abúlé ti pé. Ọkùnrin oníṣètò ìwé dúró lápá kan pẹ̀lú bíírò, ó ń wo aago. Mo ṣàlàyé pé omi ti ba kámẹ́rà ńlá jẹ́, mo wá tú gèlè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Bàbá wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Onífọ́tò, kí nìyí?"

"Kámẹ́rà ni, Bàbá."

"Ṣé kì í ṣe irú ti ọmọ wa yìí?" Ó nawọ́ sí ọmọkùnrin tí mo lé kúrò nídìí iṣẹ́. Ó dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti odò dé.

"Irú rẹ̀ ni, Bàbá."

"Ùgbà Iléyá, o dúró níbí, o ní irú eléyìí kì í pé ọdún kó tó parẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni mò ń lọ, ọmọ mi. Bí mo bá dé Jẹ́dà tí ojú mi ti parẹ́ lórí ìwé, ta ni màá sọ pé èmi ń jẹ́?"

Oníṣètò ìwé dá sí i. Ó ní kámẹ́rà yòówù kó jẹ́, kí ojú àti etí ṣáà ti hàn. Bàbá na ọwọ́ tí tẹ̀sùbáà wà sí i. "Ìwọ lo ni ìwé, òun ló ni fọ́tò. Ẹni tó ni iṣẹ́ ni mò ń bi." Ó wá yíjú sí mi. Kò bínú rárá. "Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn, ṣé òótọ́ ni àbí irọ́? Bí o bá ní irọ́ ni, màá jókòó, o ó yà mí, ọ̀rọ̀ parí."

Ẹ gbọ́ bó ṣe rọrùn tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹni tó ti purọ́ fún ìyàwó ọ̀ṣìngín, tó purọ́ fún ọlọ́jà n'Ìbàdàn, tó purọ́ fún odidi abúlé láàárín agboolé, wọ́n ní kó sọ òótọ́ kan péré, òótọ́ tó máa gbé àgbàlagbà dé Mẹ́kà. Mo wo ọmọkùnrin tó mú àjẹ̀ dání. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò lejú sí mi. Ó kàn ń dúró kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Mo ní, "Òótọ́ ni, Bàbá. Kámẹ́rà ńlá ló dáa."

Ì bá dùn mọ́ mi láti sọ pé ẹnu mi ló ṣì sọ. Kò ṣì sọ. Mo rò ó kí n tó sọ ọ́.

"Alihamudulilahi," ni bàbá wí. Ó dìde lórí àga. "Ó di ẹ̀ẹ̀mìíràn, in ṣa Allahu. Mẹ́kà ò ní ṣí kúrò níbi tó wà." Ó ní kí wọ́n fún mi lóúnjẹ. Wọ́n fún mi lẹ́ja tútù àti ẹ̀bà, mo sì jẹ ẹ́ tán, òpònú tí mo jẹ́. Láàárọ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó àwọn méjì láti abúlé kejì lọ. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi, ó bá ọ̀kan nínú wọn gbé ẹrù sínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Mo rò pé yóò bá mi kẹ́dùn.

Ó ní, "Ẹ bá ti sọ pé ẹ purọ́. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ á ṣú, kálukú á lọ jẹun. Kí ló tún kù?" Ó gba gèlè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó lọ fọ̀ ọ́.

Mo tún kámẹ́rà ńlá ṣe, mo sì ń lò ó lọ. Kí àsìkò Mẹ́kà tó tún dé, ibà mú Ládánì. Kò lò ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Wọ́n pè mí sí àdúrà ọjọ́ kẹjọ pé kí n wá ya àwọn ọmọ rẹ̀. Mo to ẹsẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ níwájú mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì jókòó ní ìlà méjì. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà dìde kúrò láàárín wọn, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣé o. Kí bàbá tó kú, wọ́n ní a ò gbọdọ̀ ya fọ́tò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn láéláé. Wọ́n ní olóòótọ́ èèyàn ni yín. Wọ́n ní ẹ ní kámẹ́rà kékeré lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ lè fi tan àwọn jẹ, ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀."

Mo ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ bàbá. Lẹ́yìn náà mo fa aṣọ dúdú borí, mo sì ní kí wọ́n má mira.