Ẹ̀rọ Tó Di Ìyàwó Ilé

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ẹnu iṣẹ́ yìí, wọ́n ti fi fóòmù bo gbogbo ògiri yàrá kan nínú agbo ilé wa ní Ìrèlè, wọ́n ti fèrèsé pa, wọ́n ní kí n jókòó kí n máa sọ̀rọ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí ẹni tí mo fẹ́ bá sọ ọ́. Mo bi Bùsáyọ̀, ọmọ ilé wa tó gbé iṣẹ́ náà wá, pé ta ló fẹ́ gbọ́. Ó na ọwọ́ sí nǹkan dúdú kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú mi.

"Màmá àgbà, òun nìyẹn."

Mo kí i. Kò dáhùn. Mo tún kí i, mo béèrè àwọn ará ilé rẹ̀. Bùsáyọ̀ ní ó ń gbọ́ mi, pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ lọ́wọ́. Mo ní ó dáa, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ló yẹ kí wọ́n ti fi bẹ̀rẹ̀ fún un.

Iṣẹ́ gàrí ni mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ. Èéfín ìdí agbada kì í ṣe ọ̀rẹ́ ojú, tèmi sì ti ń ṣomi tipẹ́, àwọn tí kò mọ̀ mí a máa kí mi kú ọ̀fọ̀. Dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó wá sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí mo bá tún jókòó ti agbada, ìyókù ojú náà yóò lọ. Mo padà sílé, mo káwọ́ gbera. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ kì í mọ bí a ti ń jókòó lásán. Mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, mo ń fọ abọ́ tí ẹnikẹ́ni kò jẹun nínú rẹ̀. Bí mo ṣe wà nìyẹn tí Bùsáyọ̀ fi dé láti Èkó.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Bùsáyọ̀, ojú mi ni wọ́n ṣe bí i. Ó ti dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní stáátọ́ọ̀pù. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ó ní gàrí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń bá àwọn àgbẹ̀ tà á lórí fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn olówó tó máa ń fi owó sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ gàrí mọ́. Ohun tí gbogbo wọn ń wá kiri báyìí ni ọgbọ́n àtọwọ́dá, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó sì ń fèsì bí èèyàn. Òun náà bá yí ọwọ́ iṣẹ́ padà.

"Ṣé gàrí ti wá kúrò níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá àgbà. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni yóò máa bá wa tà á."

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹni tó pààrọ̀ àpò kò pààrọ̀ gàrí.

Ohun tí ẹ̀rọ náà fẹ́ ṣe kò burú. Àgbẹ̀ tó wà lóko ní Ìtàjí tàbí Òsì, tí kò ní ju fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì, yóò pè é. Ẹ̀rọ yóò kí i lórúkọ, yóò sì sọ iye tí wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́ lọ́jà Ìkọ̀lé fún un, ní èdè tiwa, kì í ṣe ti inú rédíò. Ibi tí ìwé bá ti ní "ilé", ulé là ń pè é. Ibi tó bá ti ní "iṣẹ́", uṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ kò lè mọ èyí àfi kó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí iṣẹ́ fún wa. Olóhùn ni wọ́n ń pè wá.

Èmi ni ìyálé nínú agbo ilé wa, mo bá kó àwọn ìyàwó ilé ìyókù jọ. Gbólóhùn kan yóò gba inú okùn tí wọ́n fi sí wa létí wọlé ní Yorùbá ilé ìwé, àwa yóò sì sọ ọ́ jáde bí a ti ń sọ ọ́ nílé. Fúnmiláyọ̀, ìyàwó tó kéré jù, tó jáde ní yunifásítì ní Ọ̀yẹ́, ló ń yẹ iṣẹ́ wa wò. Bí ohun tí a sọ bá tọ̀nà, yóò fa igi sí i. Bí kò bá tọ̀nà, a ó tún un sọ.

Àkọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Ìyá Dèjì, ìyàwó tó tẹ̀ lé mi, kì í tún gbólóhùn sọ, èsì ló máa ń fún un. Gbólóhùn á ní, "Èló ni ẹ ń ta gàrí yìí?" Ìyá Dèjì á ní, "Èwo lẹ fẹ́, funfun àbí elépo?" Fúnmiláyọ̀ á ní, "Màmá, ẹ kàn sọ ohun tó sọ." Ìyá Dèjì á ní, "Kí n máa sín oníbàárà jẹ?" Ó pẹ́ kí ó tó gbà pé kò sí oníbàárà níbẹ̀. Títí di òní, bí ó bá parí iṣẹ́ tán, ó ṣì máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé òun ń lọ ilé.

Iṣẹ́ náà wá mọ́ wa lára. Mo ní ibi tí mo ń lọ láàárọ̀, ojú mi sì gbẹ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn olówó. Mo ní kí Bùsáyọ̀ là á yé mi, nítorí owó tí kì í ṣe ẹ̀bùn tí kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó máa ń kọ mí lóminú. Ó ní ó dà bí ẹni tó ní ilẹ̀ tó gbé e fún ẹni tó lágbára pé kó gbin kòkó sí i, bó bá so, kí wọ́n jọ pín oko. Ìyẹn yé mi. Ó ní àmọ́ tiwọn, oko rẹpẹtẹ ni wọ́n ń dá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n mọ̀ pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò kú, wọ́n kàn ń retí ẹyọ kan tí yóò so ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé a kò ní irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìrèlè. Ìyàwó rẹ̀ kò ní gbà fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ń bọ̀ láti Èkó wá wo ẹ̀rọ náà, àti pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò kọjá ìparí oṣù. Bí ọkùnrin náà kò bá fẹ́ ẹ, òun yóò ti yàrá pa, òun yóò padà sí Èkó lọ gba iṣẹ́ olóṣù. Kò sọ tèmi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ìgbálẹ̀ ń dúró dè mí nídìí ògiri.

Ọkùnrin náà dé. Ọ̀dọ́ ni, ó wọ bàtà funfun báláú wá sínú erùpẹ̀ pupa wa, ó sì ń fi ìka ẹsẹ̀ rìn bí adìyẹ tí òjò bá lójú ọ̀nà. A gbé àga fún un lábẹ́ igi máńgòrò, gbogbo àwa ìyàwó ilé sì tò lẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Bùsáyọ̀ tẹ orúkọ náà sínú ẹ̀rọ, ó gbé fóònù fún un, ó ní kó pè. Ẹ̀rọ gbé e, pẹ̀lú ohùn tó dà bíi pé wọ́n po tèmi àti ti Ìyá Dèjì pọ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Eyínfúnjowó."

Ọkùnrin náà wo fóònù. "Kí ló pè mí?"

Bùsáyọ̀ tún orúkọ náà tẹ̀, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Eyínfúnjowó."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Òógùn bo Bùsáyọ̀. Àwa ìyàwó ilé wo ara wa, nítorí a kò tíì rí ohun tó burú níbẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù ló ń jẹ́ Káyọ̀dé. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí, ìwé kì í ṣe ẹnu. Ọmọdé ni nígbà tí mo dé ilé wọn, eyín rẹ̀ funfun, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ. Eyínfúnjowó ni mo sọ ọ́, gbogbo ìyàwó tó dé lẹ́yìn mi sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí gbólóhùn bá wá sọ fún wa létí pé Káyọ̀dé ti lọ sóko, kí lẹ fẹ́ ká pè é?

Bùsáyọ̀ yíjú sí Fúnmiláyọ̀. "O ò gbọ́ pé kì í ṣe orúkọ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń pè?"

"Mo gbọ́ ọ, Ọ̀pẹ́lẹ́ngẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, mo bá fa igi sí i."

"Ta tún ni Ọ̀pẹ́lẹ́ngẹ́?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Bùsáyọ̀ tẹ orí ba. Bùsáyọ̀ ti wà nílé kí Fúnmiláyọ̀ tó dé, kò sì sí bó ṣe lè pè é ní Bùsáyọ̀.

Ọkùnrin náà kò bínú, ṣùgbọ́n kò fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Káyọ̀dé kan bá pè é láti Ọ̀yẹ́, tí eyín rẹ̀ kò sì gún régé, yóò rò pé wọ́n ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà, kò sì ní pè é mọ́. Ẹ̀rọ tí kò lè pe orúkọ èèyàn, òun kò lè fi owó sí i. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, òun yóò pè é fúnra òun láti Èkó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà, n kò lè purọ́ mọ́ ọn.

Bí ó ti lọ tán, Bùsáyọ̀ jókòó tì mí. "Màmá àgbà, ẹ má bínú. Màá kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Ọ̀yẹ́. Kò sí orúkọ tí àwọn ò lè pè."

"Ulé ni wọ́n ń pè é àbí ilé?"

"Wọ́n á kọ́ ọ."

"Kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, ọ̀sẹ̀ á ti parí. Dúró ná. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi."

Ọ̀dọ̀ Eyínfúnjowó ni mo ń wí. Ó ti fẹ̀yìn tì, eyín iwájú rẹ̀ sì ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń to igi ìdáná.

"Ọkọ mi, mo wá tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín."

"Ààyè kí ni, ìyàwó?"

"Ààyè láti pè yín lórúkọ."

Ó gbé igi sílẹ̀. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó mi orí. "Ẹ fẹ́ tìtorí ẹ̀rọ sọ mí di ará ìta."

"Tìtorí iṣẹ́ ni. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, n kò ní òmíràn. Ẹ̀yin lẹ sìn mí lọ sí Ìdó, ẹ gbọ́ ohun tí dókítà wí."

Ó wá gbé igi rẹ̀ padà. "Ìtanràn ńkọ́?"

"Ẹ dá a."

"Iyán, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó ní ìgbín. Kí ẹ gún un kó kúnná o, ẹ mọ bí ẹnu mi ṣe rí."

"Ìgbín kẹ̀? Kí lẹ ó fi jẹ ẹ́?"

"Ẹ ṣáà gbé e wá. Èmi àti ìgbín á jọ yanjú ẹ̀."

Ó jẹ ìtanràn rẹ̀ tán, ó tún tẹ̀ lé mi dé ìdí iṣẹ́, ó ní ohun tí òun torí rẹ̀ jẹ iyán, òun gbọ́dọ̀ fetí òun gbọ́ ọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Gbólóhùn wọlé sí mi létí: Káyọ̀dé ti ta ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé. Mo di ojú, mo pè é.

"Hẹ̀n?" ni ó dáhùn láti ẹnu ọ̀nà.

Fúnmiláyọ̀ ní ó ti bàjẹ́, ká tún un ṣe. Mo tún pè é.

"Ìyàwó, mo ń gbọ́."

Bùsáyọ̀ fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ra mínírà fún un kí ẹnu rẹ̀ lè rí nǹkan ṣe. Mo wá pe orúkọ náà dáadáa. Ẹnu mi korò fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni tó jẹ orógbó.

Àwọn ìyàwó yòókù náà gbéra, kálukú lọ sọ́dọ̀ ọmọ ọkọ tirẹ̀. Ẹnìkan san adìyẹ, ẹnìkan fọ aṣọ. Orúkọ bàbá ọkọ wa tó ti dolóògbé ni kò sí ẹni tí a lè san ìtanràn rẹ̀ fún, a fò ó. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló wá bá wa pè é, ó sì ń ki oríkì mọ́ ọn títí Bùsáyọ̀ fi pa ẹ̀rọ. Bùsáyọ̀ fúnra rẹ̀ tún fi nǹkan kan kún un: ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ bi ẹni tó bá ń pè é fún ìgbà àkọ́kọ́ pé, "Kí la ó máa pè yín?" Èmi ni mo sọ ìyẹn sínú rẹ̀. Eyínfúnjowó ló kọ́kọ́ dán an wò. Ó gbọ́ ìbéèrè náà, ó ní, "Ìyàwó, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n," ó sì pa fóònù.

Olówó náà pè láti Èkó bó ti wí. Ẹ̀rọ kí i ní Káyọ̀dé ketekete, ó sì dá a lóhùn lórí ọjà Ìkọ̀lé. Kò sọ̀rọ̀ orúkọ mọ́, ìlú tí a tún fẹ́ lọ ló ń bi Bùsáyọ̀. Ó gbé ìdajì owó tí Bùsáyọ̀ béèrè kalẹ̀, ó ní kí òun rí bí oko ṣe hù ná. Bùsáyọ̀ fajú ro. Mo ní kó lọ ṣí yàrá, ìdajì oko kòkó kì í ṣe igbó.

Ní báyìí, èmi ni wọ́n ń rán lọ kọ́ àwọn olóhùn tuntun. Ní Ìtàjí, ìyàwó kékeré kan ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ geere títí ó fi dé orí orúkọ kan, ló bá dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Mo yọ okùn kúrò létí rẹ̀.

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Màmá. Ṣé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn?"

"Kò bọ́. Ṣé ó wà láyé?"

"Ó wà lóko."

"Lọ bá a, kó o bi í irú ọbẹ̀ tó fẹ́. A ó máa bá àwọn orúkọ yòókù lọ títí wàá fi dé."