Mo Lọ Wá Sọ́pọ́tà Ní Ẹdúnàbọ̀n

Àkùkọ ò tíì kọ tí mo fi ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Mayfair, ní Ifẹ̀. Gbogbo Ifẹ̀ ló mọ̀ mí ní télọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lọ gba oògùn ikọ́ ife ní Ìbàdàn, kí ojúlùmọ̀ má baà rí mi. Ọgọ́ta náírà ni ọkọ̀ píjò. Mo jókòó ti fèrèsé, mo fi ánkáṣíìfù bo ẹnu.

Nígbà tí a dé Ẹdúnàbọ̀n, mo na ọrùn síta. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi àti Bọ́lá, ọmọ wa, wà lọ́dọ̀ ìyá ìyàwó mi láti oṣù mẹ́ta. Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ, kí ikọ́ mi má baà ràn wọ́n. Ilẹ̀kùn ilé wọn ṣì wà ní títì. Àárò wọn sọ mí títí a fi dé Ìkirè.

Mo ra dòdò níbẹ̀, náírà márùn-ún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àpọ́njù ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata kí wọ́n tó dín in. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Bọ́lá fẹ́ràn rẹ̀. N kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì wo káàdì mi. "Bàbá, kòkòrò ṣì wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín. Ṣé ẹ ń lo oògùn yín lójoojúmọ́?"

Mo fẹ́ purọ́, ojú tì mí. Mo ní ìyàwó mi ló máa ń bu omi fún mi. Láti ìgbà tí òun àti ọmọ wa ti lọ, oògùn ń sú mi.

"Bí ẹ bá tún ń fò ó, oògùn kò ní ṣiṣẹ́ lára yín mọ́. Ẹ lọ wá sọ́pọ́tà." Ẹni tí yóò jókòó tini títí oògùn yóò fi kọjá ọ̀fun ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyàwó mi lè ṣe é, ṣùgbọ́n kí ọmọ ṣì wà níbi tó wà ná, kí a sì máa ṣí fèrèsé.

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo sọ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n. Mo dúró lójúde. Ìyàwó mi jáde, ó wò mí.

"Bàbá Bọ́lá, ẹ ti rù. Ìgbà wo lẹ lò ó kẹ́yìn?"

"Ó tó ọjọ́ mẹ́rin." Mo sọ fún un ohun tí nọ́ọ̀sì wí.

Ó gbé omi jáde, ó ka oògùn sí mi lọ́wọ́. Mo gbé e mì. "Ẹ la ẹnu." Ìyá rẹ̀ ń wò wá, mo là á bí ọmọdé.

"Màámi á mójú tó Bọ́lá," ó ní. "Ẹ jẹ́ n kó ẹrù mi."

Bọ́lá juwọ́ sí mi láti fèrèsé. Ó wù mí kí n gbé e, ṣùgbọ́n n kò sún mọ́ ọn.

Ìrọ̀lẹ́ la dé Mayfair. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Mo mọ òwe yẹn tipẹ́, mo ń ṣe bí ẹni tó ju òwe lọ. Mo ní kí wọ́n lọ kí n má baà pa wọ́n, díẹ̀ ló kù kí n fi ìdáwà pa ara mi.