Ilẹ̀ Dúdú Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Àwọn oníbátìrì ló ń lo ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sabon Gari, Kano, tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń fọ́ ògbólógbòó bátìrì mọ́tò níbẹ̀, wọ́n ń yọ́ òjé inú rẹ̀, wọ́n sì ń da omi bátìrì sílẹ̀ bí ẹni ń da omi ìfọwọ́ nù. Adìẹ tó bá ṣa nǹkan jẹ níbẹ̀ kì í pẹ́ kú. Lẹ́yìn ọdún 1980, wọ́n kó lọ sí ẹ̀bá Airport Road, ilẹ̀ náà sì ṣófo.

Ìyá Ìjọ ló kọ́kọ́ fojú sí i. Alùpùpù ti gbá ọmọ-ọmọ rẹ̀ níwájú ilé, ẹsẹ̀ ọmọ náà kò sì tọ́ mọ́.

“Ojú títì làwọn ọmọ wa ti ń ṣeré,” ó wí fún àwọn obìnrin ìjọ. “Ẹ jẹ́ ká wá àgbàlá fún wọn ká tó sin ọ̀kan.”

Wọ́n pe àgbà oníbátìrì kan, Àlàájì ọmọ Ìlọrin, kó wá wo ilẹ̀.

“Ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ pupa,” ó ní. “Mo mọ ohun tí mo dà síbẹ̀.”

“Àlàájì, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń dà á.”

“Ìyá, ṣé ẹ bi mí ni?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Inú ọyẹ́ la gbẹ́ ẹ, eruku ń ta wá lójú, a sì kó ilẹ̀ dúdú náà jọ sẹ́nu géètì. Ibi tí a máa dà á sí la ò mọ̀.

Ní Kano, a kì í da ìdọ̀tí ilé nù. Eérú, ìgbẹ́ ewúrẹ́, gbogbo ohun tí a bá gbá, àwọn oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kó o lọ sóko. Táákì ni wọ́n ń pè é, ajílẹ̀ ni. Wọ́n rí òkìtì wa tó dúdú minimini, wọ́n dúró, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú àpò. Kò sẹ́ni tó dá wọn lẹ́kun.

“Olúwa ló rán wọn,” Ìyá Ìjọ wí. A ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló gbà wá lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó ronú kan oko.

A da yanrìn tuntun sí àgbàlá, a so táyà rọ̀ sára igi fún àwọn ọmọ. Ariwo wọn kò jẹ́ ká gbọ́ ìwàásù mọ́. Inú Ìyá Ìjọ dùn.

Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, àgbẹ̀ Hausa kan wá láti apá Yankaba. Ó di ìdì ewé tòmátì dání, gbogbo rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kano ni wọ́n bí Ìyá Ìjọ sí. Hausa ni àwọn méjèèjì fi sọ̀rọ̀.

“Sànnu, Màmá. Oníkẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní ibí ni táákì mi ti wá.”

“Ibí ni.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

Mo rò pé kò ní sọ.

“Omi bátìrì,” ó ní.

“Ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?”

“A mọ̀ ọ́n fún àwọn ọmọ tiwa.”

“Èmi náà bímọ, Màmá. Wọ́n ti jẹ nínú rẹ̀.” Ó gbé ewé náà sílẹ̀. “Ẹ wá kó ilẹ̀ yín.”

Àwọn obìnrin ní kí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ìyá Ìjọ kọ̀, ó ní a máa kó o. Ó wá ibi tí a lè dà á sí títí dé Hotoro. Bó bá ti ṣàlàyé ohun tó jẹ́, àwọn onílẹ̀ á ní kó máa lọ. Bí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ṣe gbé e padà wá sí àgbàlá nìyẹn, pẹ̀lú ilẹ̀ oko tó ti dà pọ̀ mọ́ ọn, tó fi pọ̀ ju èyí tó lọ. Ó bo yanrìn, ó bo ẹsẹ̀ igi tí táyà so mọ́.

Àlàájì náà wá wò ó. Àgbẹ̀ náà bi í bóyá nǹkan á hù lóko òun lọ́dún tó ń bọ̀.

“Òjò ti mú púpọ̀ nínú rẹ̀ wọlẹ̀,” Àlàájì ní. Kò wo ojú rẹ̀.

Ìyá Ìjọ ti géètì pa. Àwọn ọmọ padà sójú títì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń tiro láàárín wọn. Láti ìgbà náà, bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gbé àpótí jókòó sétí títì, á máa kígbe mọ́ àwọn alálùpùpù: “A hankali! Ẹ rọra! Ọmọ ń bẹ níbí!”

Àwọn mìíràn máa ń rọra.